Ọ̀rọ̀ Bàbá Fránkì Ni Mo Kà

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú àárò ọmọ tó lọ tí kò tíì padà. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rí mi nínú yàrá tí mo wà. Mo kí Ìyá wa ní Ìlàjẹ, ẹ̀gbọ́n yín, mo ní wọ́n kú iṣẹ́ ẹja yíyan, kí èéfín má ba ojú wọn jẹ́. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Táyọ̀ àti ìyàwó wọn. Mo kí Bùkọ́lá àbúrò mi. Mo ti bẹ àwọn olóòtú ìwé ìròyìn tí ẹ máa ń rà ní Palmgrove pé kí wọ́n bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ju ti ilé kan lọ. Ẹ má bínú pé gbogbo ayé ló ń bá yín gbọ́ ọ.

Nígbà tí mo pè yín kẹ́yìn, ẹ bi mí ní ẹgbẹ́ òṣèlú tí mò ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Ẹ ní ẹ kà á pé gbajúmọ̀ olórin kan sọ pé aláìláàánú ni gbogbo ẹni tó bá lòdì sí òfin tuntun tí wọ́n fẹ́ ṣe kí gbogbo èèyàn lè ní ìnṣọ́ránsì ìlera, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní òṣèlú ò kàn mí, iṣẹ́ ni mo wá ṣe. Ẹ wá béèrè ara mi, mo ní ara mi le koko. Bàbá mi, irọ́ ni mo pa fún yín lọ́jọ́ náà, lórí ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ẹ mọ̀ pé àwọn àgbàlagbà ni mò ń tọ́jú nílé wọn. Ilé-iṣẹ́ kan ló gbà wá, iye wákàtí tí a bá ṣe ni wọ́n ń sanwó fún, wọn kì í fún wa ní ìnṣọ́ránsì. Níbí, ẹni tí kò bá ní in, tó bá ṣàìsàn, owó ọsibítù lè gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í yára lọ rí dókítà. Ó máa ń dúró wò ó ná ni. Àìmọye èèyàn ló ń dúró wò ó ná ní ìlú yìí, àwọn tí a máa ń rò nílé pé orí owó ni wọ́n ń sùn.

Láti ìgbà tí yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ti ní kí n máa tọ́jú Bàbá Fránkì. Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ń wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́, èémí wọn sì kúrú. Mo ń wẹ̀ fún wọn, mo ń se oúnjẹ wọn, mo ń fi àga oníkẹ̀kẹ́ tì wọ́n lọ sójú fèrèsé kí wọ́n lè máa wo òpópónà. Bím ni wọ́n ń pè mí, nítorí Adébímpé ò yí lẹ́nu wọn. Wọ́n fẹ́ràn ọ̀rọ̀ òṣèlú bíi tiyín gan-an, tẹlifíṣọ̀n wọn kì í sinmi. Eléré sinimá kan tó lókìkí máa ń wá síbẹ̀ láti sọ pé bí òfin tuntun yẹn bá wọlé, òṣìṣẹ́ ìjọba ni yóò máa jókòó pinnu àgbàlagbà tí yóò yè àti èyí tí wọn óò fi sílẹ̀ kó kú. Bàbá Fránkì gbà á gbọ́ bí ẹni gba ìhìnrere. Línda, ọmọ wọn obìnrin, wà nínú ẹgbẹ́ kejì, olórin tí ẹ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn lòun ń tẹ̀ lé. Bó bá wá lọ́jọ́ Àìkú, oúnjẹ á tutù sórí tábìlì. Òun á ní òun ti ka ìwé òfin náà, kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Bàbá á ní olórin wo ló mọ òfin. Èmi á dúró sídìí omi, màá máa fọ abọ́ tó ti mọ́. Ohun tí mo máa ń rò ni pé olórin o, eléré sinimá o, àwọn méjèèjì ló ní dókítà tó ń wá bá wọn nílé.

Nínú oṣù kejì ọdún yìí, níbi tí mo ti ń wẹ̀, ọwọ́ mi ba kókó kan ní ọmú mi òsì. Ó tó èkùrọ́. Kò dùn mí. Mo sọ fún ara mi pé yóò lọ. Yìnyín yọ́ tán, igi rúwé tuntun, kókó ṣì wà níbẹ̀. Mo máa ń fọwọ́ kàn án nínú bọ́ọ̀sì, lórí ibùsùn, nínú ilé ìwẹ̀ Bàbá Fránkì. Mi ò lè jókòó sójú kan mọ́. Bí mo bá jókòó, màá dìde. Bí mo bá dìde, mi ò mọ ohun tí mo dìde fún. Ọsibítù ńlá kan wà lójú ọ̀nà mi, bí bọ́ọ̀sì bá ti ń kọjá níwájú rẹ̀, màá yíjú sí apá kejì.

Ẹ ò ní ṣàì rántí Màámi. Bùkọ́lá kéré nígbà náà, a ò sọ fún un. Wọ́n fi ìró di kókó ọmú tiwọn mọ́lẹ̀, wọ́n ní omi ọmú àtijọ́ ló dì síbẹ̀, wọ́n ní ká má sọ fẹ́nì kankan. Ìgbà tí wọ́n fi máa gbà ká gbé àwọn dé ọsibítù, ńṣe ni dókítà kàn ń mi orí. Èmi tí mo fojú mi rí èyí ni mo tún wá ń ṣe bákan náà lẹ́yìn òkun.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, aṣòfin agbègbè wa pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan kí ará ìlú wá sọ èrò wọn lórí òfin náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá Fránkì fi kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Wọ́n ń kọ, wọ́n ń pa á rẹ́. Línda kọ̀ láti gbé wọn lọ, èmi ni mo bá wọn lọ. Èrò kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn kan gbé pátákó, àwọn kan ń pariwo sójú ara wọn. Mo rántí ìdìbò tí àwọn ológun fi gbéjọba sílẹ̀ fún alágbádá, bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjì ṣe pàdé ní ìsọ̀ ìtẹ̀wé yín ní Ṣómólú, tí wọ́n ń wo ara wọn bí ẹni fẹ́ jà, tí ẹ sì kó pósítà oníkálukú fún un láìbá ẹnì kankan ṣe àríyànjiyàn.

Nígbà tí wọ́n pe nọ́ńbà Bàbá Fránkì, mo tì wọ́n dé iwájú máìkì. Wọ́n lanu, ohùn ò jáde. Ooru àti ariwo ti gba èémí wọn. Wọ́n tún gbìyànjú. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí ẹlòmíràn bọ́ síbẹ̀. Ni wọ́n bá na ìwé náà sí mi. Mi ò tíì rí ojú tó bẹ̀ mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo gbà á, mo kà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ìjọba má fọwọ́ kan ìtọ́jú àwọn àgbà, pé ẹni tó bá ń fẹ́ ìnṣọ́ránsì, kó lọ ṣiṣẹ́ fún un bí àwọn náà ti ṣe ṣiṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì Bàrígà mi ni mo fi kà á. Mi ò fo ìlà kan, mi ò yí ọ̀rọ̀ kan padà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo máa ń ka iṣẹ́ oníbàárà fún yín kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, pé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kì í ṣe tiwa láti túnṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ní kó lọ ṣiṣẹ́ fún un, iye wákàtí tí mo ti ṣe lọ́sẹ̀ yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn.

Àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan hó lé mi lórí. Obìnrin kan dìde lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ó nawọ́ sí mi.

“Ìwọ tí ò ń kàwé yìí ńkọ́? Ṣé ìwọ ní ìnṣọ́ránsì?”

Mo lè dákẹ́. Àlejò ni mí, mi ò tíì di ọmọ onílùú, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó rò ó.

“Mi ò ní. Ọ̀rọ̀ Bàbá yìí ni mo kà, kì í ṣe tèmi. Mò ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Kókó kan wà ní ọmú mi láti oṣù kejì, dókítà kankan ò tíì rí i.”

Aṣòfin wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó pe nọ́ńbà tó kàn. Bí mo ṣe ń ti Bàbá Fránkì jáde, obìnrin mìíràn tó fi báàjì ẹgbẹ́ Bàbá gan-an sáyà fi ìwé pélébé kan lé mi lọ́wọ́. Mo tì í bọ àpò.

Mo bá Bàbá Fránkì padà sílé. Ìgbà tí mò ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ wọn ni wọ́n tó béèrè bóyá òótọ́ ni. Mo ní òótọ́ ni. Wọ́n ní kí ló dé tí mi ò sọ fún àwọn. Mo ní mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ilé-iṣẹ́ wa pè mí pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ òṣèlú lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n fi ẹlòmíràn sọ́dọ̀ Bàbá, wọ́n ní kí n sinmi ná. Ta ló lè sinmi? Mo rìn káàkiri ìlú náà títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Lọ́jọ́ kẹrin, mo yọ ìwé pélébé yẹn wò. Nọ́ọ̀sì ni obìnrin náà. Lọ́jọ́bọ̀, òun àti dókítà kan máa ń ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní yàrá tó wà lábẹ́ ilé ìjọsìn wọn. Mo lọ. Wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gba nǹkan nínú kókó náà, wọ́n ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá mi, mi ò mọ bí mo ṣe lo ọ̀sẹ̀ yẹn. Oúnjẹ ò wọlé, àdúrà ò jáde.

Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Wọ́n ní wọn óò máa yẹ̀ mí wò lóòrèkóòrè, ṣùgbọ́n kì í ṣe jẹjẹrẹ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún. Lẹ́yìn náà mo bi nọ́ọ̀sì yẹn pé kí ló dé tó fi lòdì sí òfin náà, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí òfin náà ń wá lòun gan-an ń ṣe. Ó ní iṣẹ́ ìjọ ni èyí, kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba. Mo ní èèyàn mélòó ni ìjọ lè tọ́jú ní ọjọ́bọ̀ kan? Ó wo àwọn tó tò sẹ́nu ọ̀nà títí dé ìta gbangba.

Bàbá Fránkì pe ilé-iṣẹ́ wa lẹ́ẹ̀mẹta pé èmi làwọn ń fẹ́. Línda náà kọ̀wé sí wọn. Wọ́n dá mi padà. Bàbá ò yí ọkàn padà o. Pátákó tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu òfin náà ṣì wà níwájú ilé wọn, èmi náà sì ń sọ fún wọn báyìí pé wọn ò gba ọ̀rọ̀ yìí rò dáadáa. Wọ́n á ní èmi ni mi ò gbà á rò. Síbẹ̀, bí mo bá ti wọlé láàárọ̀, kí wọ́n tó tan tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á béèrè ọjọ́ tí mo tún máa rí dókítà.

Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí òfin náà bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Àwọn tó tò sẹ́nu ọ̀nà yẹn kì í kúrò lójú mi. Bí mo bá sì ronú délé, ara mi tún bù máṣọ. A ti dìbò, a tún dìbò, mi ò tíì gbọ́ kí olóṣèlú kan wá sí Bàrígà wá bi obìnrin kan pé bó bá ṣàìsàn, ta ni yóò sanwó rẹ̀.

Bùkọ́lá, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló wà lára wa. Fọwọ́ kan ọmú rẹ lónìí. Bí kókó bá wà níbẹ̀, bí kò bá sí, lọ rí dókítà. Bàbá mi, láti ọjọ́ tí Màámi ti lọ, ẹ ò tíì fi ẹnu yín sọ ohun tó pa wọ́n. Mo mọ̀ pé ó wúwo. Ẹ pe Bùkọ́lá jókòó, kí ẹ sọ ọ́ fún un. Ẹ wá bá a lọ sí ọsibítù, kí ẹ jókòó dè é láàárín àwọn obìnrin. Ẹ má tijú.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn nínú ara líle, kí ó má fi ẹnì kankan nínú wa dín. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà, àti àwọn ará ìsọ̀ ní Ṣómólú.

Èmi ni ọmọ yín tó ń retí èsì,
Adébímpé