Gilbert Ti Di Minéè ní Kóòtù Atakpamé

Akparé

Julienne ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà ní Lomé? Ara wa le níbí, bàbá rẹ kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀, àgbàdo wa sì ti gbó. Ọlọ́run má jẹ́ kí àìsàn mọ ojúlé rẹ, kí o máa bá ojú rere pàdé nínú ìlú ńlá yẹn.

Ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹkún ló fi bẹ̀rẹ̀. Gilbert àbúrò rẹ gbé zẹ́mì François, alùpùpù tó fi ń kó èrò ní Agbonou, láìtọrọ. Ó ní òun kàn fẹ́ gùn ún dé Anié kí òun sì dá a padà, àmọ́ àwọn ọlọ́pàá jandáàmù mú un lọ́nà. O mọ bó ṣe ga tó, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó lè wọ yàrá mi. Wọ́n wò ó lókè, wọ́n wò ó nílẹ̀, wọ́n ní àgbà olè ni, àárín àwọn ọ̀daràn tó nírùngbọ̀n ni wọn yóò tì í mọ́.

Mo sáré wọkọ̀ lọ sí kóòtù Atakpamé. Wọ́n ní adájọ́ àwọn ọmọdé ni yóò gbọ́ ẹjọ́ náà, mo sì rò pé ọmọdé ni adájọ́ ọ̀hún, àṣé orí rẹ̀ ti pá. Ó bi mí pé ìyá, ọmọ ọdún mélòó ni ọmọ yín? Mo ní ọdún tí ìjì ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo bí i, kí ó bi fadá léèrè. Ó ní ìjì kò sí nínú ìwé òun, kí wọ́n mú un lọ ilé ìwòsàn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ya fọ́tò egungun ọwọ́ rẹ̀. Julienne, wọ́n fi hàn mí, kò jọ ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa. Àmọ́ egungun náà mòye ju àwọn jandáàmù lọ, nítorí dókítà ní kò tí ì pé ọdún mẹ́rìndínlógún.

Adájọ́ wá ní ọmọdé ni lójú òfin, minéè ni wọ́n ń pe irú wọn. Bí àbúrò rẹ ṣe gba oyè nìyẹn! Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn minéè, wọ́n ní ará ìta kankan kò gbọdọ̀ fojú kan ìwé náà, ó níyì tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ tó kàwé dé Lomé, ṣé ìjọba fi orúkọ tìrẹ pamọ́ báyẹn? Wọ́n tún ní kí Madáàmù Léonie, òṣìṣẹ́ kóòtù, máa wá kí i nílé loṣooṣù. Olóyè abúlé wa gan-an, ta ni ìjọba ń rán wá kí i?

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé wọ́n bi Gilbert bóyá ẹnìkan ló tì í ṣe é. Kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní òun nìkan ni, ó yíjú sí François tó wá sí kóòtù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú gbogbo èèyàn. François ní òun ti dárí jì í. Adájọ́ ní kí n máa mú ọmọ mi lọ ilé. Ọmọ gíga yìí bá di etí ìró mi mú, ó ń sunkún bí ìgbà tí mo já a lẹ́nu ọmú. Mo ní kó sunkún dáadáa, minéè ni, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra àga fún Madáàmù Léonie, àpótí ìdáná mi kò yẹ òṣìṣẹ́ kóòtù. Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọmọ tí yóò jẹ́ kí o gbórí sókè láwùjọ, bí mo ṣe gbé e sókè lọ́jọ́ náà.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń yangàn,
Àpọ̀kẹ́