Ẹrù Tí A Kò Mọ Ẹni Tó Ni Ín

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Màmá tún dá iṣẹ́ sílẹ̀. Màmá — kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn wa, ètò tí wọ́n ń pè ní Linux ló ń darí rẹ̀. Inú rẹ̀ kún dẹ́nu, kò sí àyè fún orúkọ aláìsàn tuntun. Dókítà ní tí kò bá gba orúkọ tuntun títí di ọjọ́ Ẹtì, gbogbo wa á padà sídìí bírò àti ìwé. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo jẹun yó.

Ìṣẹ́gun, 4
Mo ka ohun tó wà nínú Màmá. Ẹgbẹ̀rún méjì ẹrù ó lé — ètò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n dì sínú rẹ̀, ẹrù ni mo ń pè é. Ẹrù fún kámẹ́rà tí a kò ní. Ẹrù fún èdè mẹ́rìnlélógún, bẹ́ẹ̀ àwa òṣìṣẹ́ ò ju mẹ́jọ lọ, a kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ bára wa sọ̀rọ̀.
Bàbá Ẹ̀rọ ló kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Òun ló wà nípò mi kó tó fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá, òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Kì í ju nǹkan nù. Ìyàwó mi ní kí n rọra sọ̀rọ̀, páálí tẹlifíṣọ̀n tó ti bàjẹ́ láti ọdún mẹ́fà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa.

Ọjọ́rú, 5
Ẹrù kan wà tí mi ò mọ̀: yoju. Bàbá Ẹ̀rọ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, kò kọ àlàyé kankan sí i. Dókítà ò mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì Àgbà ní ìwé lòun ń lò, kí n má kó òun sí wàhálà kọ̀ǹpútà. Abèèrè kì í ṣìnà, mo pe Bàbá Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Fóònù ò wọlé.

Ọjọ́bọ̀, 6
Kò wọlé. Bàbá yìí ti gbàgbé wa.

Ẹtì, 7
Mo tẹ apt autoremove, àṣẹ tó ń kó ẹrù tí kò wúlò mọ́ dànù. Màmá to orúkọ ọ̀ọ́dúnrún ẹrù sílẹ̀, ó ní a ò nílò wọn mọ́. yoju ò sí níbẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fi kún un. Mo kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fláàṣì — Bàbá Ẹ̀rọ ló fi kọ́ mi, kí o tó jù ú nù, ṣe ẹ̀dà. Àyè ṣí. Dókítà kí mi kú iṣẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 10
Ara Màmá yá gágá. Nọ́ọ̀sì Àgbà ò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lónìí. Gbogbo ọjọ́ Ajé ló máa ń dúpẹ́ ní kọ́rídọ̀, mi ò mọ ohun tí mo ṣe, mo kàn máa ń ní kò tọ́pẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 17
Kò dúpẹ́. Kò tiẹ̀ kí mi.

Ọjọ́ Ajé, 24
Nọ́ọ̀sì Àgbà wọlé tọ̀ mí wá. "Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ ò fún mi ní ìwé mi. Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"
Ìwé wo? Ó ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé gbogbo ni òun ń bá a lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé: orúkọ àwọn tí ọjọ́ oògùn wọn ti kọjá tí wọn ò wá. Òun á wá máa lọ yọjú sí wọn nílé. Ó rò pé èmi ni mo ń tẹ̀ ẹ́. Mi ò tẹ nǹkan kan rí.
Mo wá fláàṣì, mo dá yoju padà. Ẹ̀rọ kùn, ìwé jáde. Ènìyàn mọ́kànlá. Ó ka orúkọ àkọ́kọ́, ó na ìwé náà sí mi. Bàbá Ẹ̀rọ ni. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó yẹ kó ti wá gbà á ní ọjọ́ kẹta oṣù yìí.
Ẹ̀rù bà mí. Mọ́tò Dókítà la gbé lọ sílé rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 25
Ó wà láàyè. Rọpárọsẹ̀ kọ lù ú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ń dá gbé. Fóònù rẹ̀ ti bọ́ sómi láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Aládùúgbò ló ń bọ́ ọ, Bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ̀ kí wọ́n gbé òun wá sílé ìwòsàn, ó ní kò sí nǹkan. Nọ́ọ̀sì Àgbà ní ká ní òun yọjú sí i lọ́jọ́ kẹwàá, ọwọ́ òsì rẹ̀ ì bá má rọ. Ó sọ ọ́ lójú mi kòròókòró.
Mo jẹ́wọ́ fún Bàbá Ẹ̀rọ nídìí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ pé èmi ni mo yọ yoju.
"Ṣé o ṣe ẹ̀dà?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.
"Ó dáa." Ó wo ọwọ́ òsì. "Èmi ò ṣe ẹ̀dà èyí."

Ọjọ́ Ajé, 31
Ìwé jáde láàárọ̀, ènìyàn mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì Àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní kọ́rídọ̀. Mi ò lè sọ pé kò tọ́pẹ́.