Ìlà Ebè Tí Kì Í Ṣe Tèmi

Bàámi ọ̀wọ́n,

Ẹ mọ̀ pé n ò kàwé, orí kunkun mi ni ò jẹ́ kí n lọ. Ìyàwó mi ló ń bá mi kọ èyí. Mo ti kìlọ̀ fún un kó má fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un.

Ṣé ẹ rántí ọdún tí èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi bá yín ṣe àáró lóko lọ́nà Ẹ̀pẹ́? Nígbà tí a kọ ebè tán, ẹ mú ọ̀pá yín, ẹ ń fi gún un lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìṣe yín. Nígbà tí ẹ dé ìlà kan, koríko àti ilẹ̀ líle ni ọ̀pá ń bá pàdé. Ẹni tó kọ ọ́ kàn wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bo ojú ilẹ̀ ni. Ẹ bèèrè ẹni tó ni ín. Mo ní èmi ni. Ẹ ò bá mi wí. Ẹ wò mí, ẹ sì fi ọwọ́ ara yín tún gbogbo rẹ̀ kọ.

Irọ́ ni mo pa, Bàámi. Ọ̀rẹ́ mi ló kọ ọ́, ẹni tó padà di káńsẹ́lọ̀ wa. Èmi ni mo mú un wá, ojú sì ń tì mí.

Nígbà tó fẹ́ du ipò yẹn, àwọn àgbà ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ ní bí ọmọ yín bá lè jẹ́rìí rẹ̀, ó tó. Mo jẹ́rìí. Ẹ tẹ̀ka fún un, abúlé sì tẹ̀lé yín.

Ọjọ́ tó wá ṣí ẹ̀rọ omi fún wa, omi tú yàà, a jó. Àṣé ọkọ̀ ló gbé omi wá rọ sínú táńkì. Kò sẹ́ni tó gbẹ́ ilẹ̀ rárá. Láràárọ̀ lẹ ń gbé búùtà yín lọ síbẹ̀ fún àlùwàlá. Ẹ ó yí ẹnu ẹ̀rọ, ẹ ó dúró, ẹ ó padà. Ẹ ní ẹni tí ọmọ yín mọ̀ kò ní tàn yín. Mo gbọ́, mo dákẹ́. Kí ló dé tí ẹ ò bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i?

Ní báyìí, ó fẹ́ di alága. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pe àpéjọ sí Lasunwon, ó ní kí n wá jẹ́rìí òun. Mo mú ọ̀pá yín dání. Mo sọ ti ebè, mo sọ ti omi. Ó bú sẹ́rìn-ín: “Ẹ má dá a lóhùn jàre, ebè ìgbà èwe ló ṣì ń kà!” Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kan láti abúlé wa ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ta ló sọ fún wa pé èèyàn gidi ni?”

Mo ní, “Èmi ni, Ìyá.”

Ohun tí mo sọ níwájú yín lóko náà ni, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí òótọ́ ni.

Mo ti pọn omi odò kún búùtà yín, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ saréè yín. Ìyàwó mi ní kí n yọ ìyẹn kúrò, pé òkú kì í ṣe àlùwàlá. Mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀.

Ọmọ yín olórí kunkun, tó fẹ́ràn yín, tó sì pẹ́ kó tó sọ ọ́.