Ẹni Tó Ń Pè Mí Ní Aago Méje Àárọ̀

Ilé kẹta sí ilé ìfìwéránṣẹ́,
Òpópónà Ojú Irin.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Olóhùn-Oyin, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ojú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ńkọ́? Ṣé o ti ń fi ka lẹ́tà fúnra rẹ, àbí aládùúgbò rẹ ló ń kà á fún ọ? Bó bá jẹ́ òun ni, kó rọra kà á o, ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ìbejì ọmọ ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń sọ̀rọ̀? Ọkọ ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ tuntun náà bá a lára mu? Èmi náà wà, mo dúpẹ́. Orúnkún mi ọ̀tún nìkan ni kò tíì gbà pé a jọ wá sáyé ni, àmọ́ ó sàn ju bó ṣe wà léṣìí lọ. Wàá mọ ìdí rẹ̀ tó o bá kà á dé ìsàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti wà nínú mi láti oṣù méje sẹ́yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ní aago méje géérégé, fóònù mi dún. Ohùn bàbá àgbà kan ní, "Ṣé ìwọ nìyẹn?" Mo ní èmi ni, ṣùgbọ́n ìwọ wo? Ó ní kí n má bínú, òun ṣi nọ́ńbà pè ni. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Aago méje lọ́jọ́ kejì, ó tún pè, ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá òun tọrọ àforíjì dáadáa lánàá. Ìwọ náà gbọ́! Ta ló ń pe èèyàn láti wá bẹ̀bẹ̀ nítorí ẹ̀bẹ̀? Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ kan tí kò pè. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni: báwo lẹ ṣe sùn, kí lẹ jẹ, ṣé ẹ ti lo oògùn yín?

O mọ ọmọkùnrin mi, oníkìlọ̀. Ó ti sọ fún mi tipẹ́ pé gbájúẹ̀ pọ̀ lórí fóònù: "Màmá, ẹ má sọ orúkọ yín, ẹ má sọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀ ń dá gbé." Mo sọ ọ́ fún bàbá náà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ̀rín pa á. Ó ní ìkìlọ̀ kan náà ni wọ́n ṣe fún òun nípa irú èmi yìí. La bá ṣàdéhùn pé kò sí orúkọ, kò sí àdírẹ́sì. Ó ń pè mí ní Ìyá Aago Méje, èmi ń pè é ní Bàbá Aṣìpè.

Ṣùgbọ́n o mọ etí mi. Ní gbogbo ọdún mọ́kàndínlógún tá a fi jókòó sídìí ẹ̀rọ tẹlifóònù, tá à ń so ìpè àwọn èèyàn pọ̀, ṣebí èmi ni mo máa ń sọ fún ọ pé ẹni tó ń pè yìí wà ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ẹni tọ̀hún wà níbi tí ọmọ ti ń sunkún? Bí bàbá bá ti ń sọ̀rọ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ni mò ń gbọ́. Ẹ̀rọ tó ń la pákó. Garawa tó ń kan ara wọn, bíi tàwọn tó tò sídìí ẹ̀rọ omi. Fèrè rélùwéè àárọ̀ á kọ́kọ́ dún nínú fóònù, màá ti ka nǹkan bí ọgọ́fà kó tó dún lẹ́yìn fèrèsé tèmi. Ó wá ku ìró kan tí mi ò mọ̀: kín-ín, kín-ín, bí ẹni ń ju ohun kékeré sínú àpótí. Mo ro ó títí. Ṣé kọ́kọ́rọ́ ló ń tò ni? Àbí eyín rẹ̀ ló ń kan ara wọn? Mi ò sì lè bi í, nítorí àdéhùn.

Lọ́jọ́rú kan, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, aago méje lù, fóònù ò dún. Mo ní bóyá ó sùn lọ ni. Nígbà tó di méje ààbọ̀, mo pè é. Ó dún títí, kò gbé e. Mẹ́jọ, bákan náà. Tíì mi tutù sórí tábìlì. Mo pe ọmọ mi. Ó ní, "Màmá, ẹ ò mọ orúkọ ẹ̀, ẹ ò mọlé ẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ wá a?" Òótọ́ ló sọ, òótọ́ náà ló sì dùn mí. Ohun tá a fi ń ṣọ́ra fún olè ni ò jẹ́ kí n mọ ọ̀nà ilé ẹni tó nílò mi.

Mo wọ bàtà, mo mú ọ̀pá mi. Tí rélùwéè bá ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó kan èmi, a jẹ́ pé apá ibi tó ti ń bọ̀ ló ń gbé. Mo gba ẹ̀bá ojú irin lọ. Orúnkún ń bú mi, èmi náà ń bú u padà. Mo dé ìdí ẹ̀rọ omi kan, mo tẹ́tí, mi ò gbọ́ ìró pákó. Mo tún rìn. Ìdí ẹ̀rọ omi kejì, garawa tò lọ bẹẹrẹ, ẹ̀rọ pákó sì ń han ní òdìkejì títì. Mo sọdá síbẹ̀.

Mo bi káfíńtà tó wà nídìí ẹ̀rọ náà bóyá ó mọ bàbá kan tó ń dá gbé ládùúgbò náà, tó ní ohùn ńlá.

Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀. "Bàbá Òǹtẹ̀wé ni? Ilé wọn rèé. Kí ló dé, mà?"

Mo ní, "Ohun tí mo wá wò nìyẹn."

A kanlẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni ò dáhùn. A tún kàn án. Lẹ́yìn náà la gbọ́ kọ́, kọ́, nísàlẹ̀ ògiri, bí ẹni ń fi ìka lu pákó. Káfíńtà tú fèrèsé, ó ti ibẹ̀ wọlé, ó ṣílẹ̀kùn fún mi. Bàbá wà nílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, láti ìdájí, ètè rẹ̀ gbẹ. Mo ní, "Bàbá Aṣìpè." Ó yíjú sí mi.

"Ìyá Aago Méje? Ẹ má bínú o. Orí tábìlì ni fóònù wà, ọwọ́ mi ò tó o."

Èmi tí mi ò sunkún lọ́jọ́ tá a fẹ̀yìn tì, mo sunkún. Tún wá wò ó o, ó kúrú sí mi! Gbogbo ohùn yẹn, ara tíńtín ló ń gbé e kiri.

Dókítà ní egungun kankan ò ṣẹ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló lò lẹ́ẹ̀mejì, torí kò rántí pé òun ti kọ́kọ́ lò ó, ló bá dìde lójijì lórí bẹ́ẹ̀dì, òòyì sì gbé e. Ó ní ká ní a fi í sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá yí padà.

Nígbà tí mò ń kó aṣọ tó máa lò nílé ìwòsàn, mo rí àpótí fẹrẹgẹdẹ kan lórí tábìlì, ojúlé ojúlé, lẹ́tà òjé kéékèèké kún inú rẹ̀. Irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ̀wé láyé ọjọ́sí. Bàbá ní ìka òun ti ń le, àwọn lẹ́tà náà lòun máa ń tò láti ojúlé kan sí èkejì tí òun bá ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo mú ọ̀kan, mo sọ ọ́ sínú rẹ̀. Kín-ín! Mo rẹ́rìn-ín débi pé káfíńtà ń wò mí.

Káfíńtà ló pe ọmọbìnrin bàbá. Ọjọ́ kejì ló dé láti ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ níbi tí mo jókòó ti bàbá rẹ̀. "Ẹ kúu jókòó, mà. Kí lẹ jẹ́ sí bàbá mi?"

Mo ní, "Èmi ni nọ́ńbà tí wọ́n ṣì pè."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti tú síta. Lóṣù méje sẹ́yìn, ọmọ ní kí bàbá wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, bàbá fárígá, wọ́n sọ̀rọ̀ síra wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ pààrọ̀ nọ́ńbà, ó sì kọ tuntun ránṣẹ́ sí bàbá nínú ìwé pélébé. Ẹ̀fà ló kẹ́yìn nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ̀sán ló kẹ́yìn tèmi. Òǹtẹ̀wé tó ti fi ọdún márùndínláàádọ́ta ka lẹ́tà lódìlódì, ó ka tọmọ rẹ̀ lódì! Nígbà tó gbọ́ ohùn mi, ó rò pé ṣe lọmọ mọ̀ọ́mọ̀ fún òun ní nọ́ńbà ẹlòmíì. Tí ọmọ bá sì pè é, nọ́ńbà àjèjì ló ń rí. Ó ní, "Ṣebí wọ́n ní ká má gbé nọ́ńbà tá ò mọ̀." Lóòótọ́, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Bàbá bi í pé, "Ìgbà mélòó lo pè mí?"

Ó ní, "Gbogbo ọjọ́ Àìkú, Bàbá. Tí ẹ ò bá gbé e, mo máa ń bi káfíńtà, á ní ara yín le. Mo ní ẹ ṣì ń bínú ni."

Bàbá na ọwọ́ sí i. Mo dìde, mo jáde síta. Etí mi pàápàá mọ ibi tó yẹ kó dúró dé.

Bàbá ti padà sílé, kò sì bá ọmọ lọ. Ìjà yẹn wà níbẹ̀, orí fóònù ni wọ́n ti ń jà á báyìí, pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọmọ náà pín oògùn rẹ̀ sínú ike olójúlé méje, tójúlé òní bá ti ṣófo, ó ti lò ó nìyẹn. Bàbá ń kọ́kọ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì kó tó dìde. Káfíńtà kan igi ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ilé bàbá kan sì wà lọ́wọ́ káfíńtà náà. Tèmi wà lọ́wọ́ aládùúgbò mi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ẹtì, mo máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ kí i, ó ń kọ́ mi ní títo lẹ́tà. Ìrìn náà ló ń tú orúnkún mi. Mo ti wá mọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ mi ò kì í pè é.

Ọ̀rẹ́ mi, ìbéèrè kan ni kò jẹ́ kí n gbádùn láti ìgbà náà, ìwọ ni mo sì fẹ́ bi. Ìwọ náà ń dá gbé. Tí o ò bá lè dìde láàárọ̀ ọjọ́ kan, ta ló máa kọ́kọ́ mọ̀? Aago mélòó ló máa mọ̀ ọ́n? Má fi ṣẹ̀fẹ̀ o. Rò ó dáadáa, kí o kọ orúkọ ẹni náà ránṣẹ́ sí mi.

Bá mi kí àwọn ìbejì, bá mi kí ìyá wọn àti bàbá wọn. Kí aládùúgbò rẹ fún mi, pàápàá tó bá jẹ́ òun ló kà á dé ibí yìí. Tí ọjọ́ mẹ́wàá bá kọjá tí mi ò gbọ́ orúkọ kankan, mi ò ní kọ lẹ́tà mìíràn. Èmi gan-an lo máa rí lẹ́nu ọ̀nà, tèmi ti àpò aṣọ mi.

Èmi ni, ẹni rẹ tí kò yẹ̀,
Etí-Ehoro.