Zikrullah, Ta Ló Ní Kí O Máa Fi Abẹ Ya Ṣòkòtò?

Abà Arẹ̀mú,
Lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun àlàásàrí.

Zikrullah ọmọ mi,

Àsàláámù àlékùn. Ṣé dáadáa lo wà ní Ìgàndó yẹn, ṣé ò ń rí oorun sùn, ṣé ò ń jẹun lásìkò? Ọlọ́run tó fi ọ́ jíǹkí mi lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń retí, kò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ mi. O ò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Èmi náà wà, ara mi le, àmọ́ ọkàn mi ò sí nílé láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwọ lo gbé e lọ.

Ewúrẹ́ wa abìlà ti bí ìbejì. Páànù tí atẹ́gùn ká kúrò lórí ilé ìdáná, wọ́n ti bá mi kàn án padà. Aasiyah, ọmọ Ìyá Hamdalah ojúlé kejì, ní òun á bá mi pè ọ́ lórí fóònù, mo ní rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi nígbà kan pé gbogbo ohun tí èèyàn bá sọ sínú fóònù ni ilé-iṣẹ́ onífóònù ń gbà sílẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí àwọn tí mi ò mọ̀ rí jókòó sí ọ́fíìsì kan kí wọ́n máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà tí mo ti kọ́ ìwé, òní ló wúlò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mò ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ ni Aasiyah sáré dé, ó ní kí n wá wo Bùrọ̀dá Zikrullah nínú fóònù òun. Mo nu ọwọ́, mo wò ó. Ìwọ ni mo rí lóòótọ́. O jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá rẹ, o tẹ́ ṣòkòtò jíǹsì sórí pákó, ṣòkòtò tó dáa tí nǹkan kan ò ṣe. O mú páànù tí a fi ń rin ilá, o bẹ̀rẹ̀ sí í rin ṣòkòtò. O fi òkúta tí a fi ń ha gìgísẹ̀ ha itan rẹ̀. O da oògùn tí ń mú aṣọ funfun lé e lórí. O wá mú abẹ, o ya orúnkún ọ̀tún, o ya ti òsì, ò ń fa òwú rẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà o gbójú sókè, o rẹ́rìn-ín sí mi.

Ẹ̀rín yẹn ló bà mí lẹ́rù. O mọ ọkùnrin tó ń rìn káàkiri ìsàlẹ̀ ọjà wa. Ojú mi ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Aṣọ ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ya, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo bi Aasiyah pé ta ló tún ti rí i. Ó ní èèyàn ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ti wò ó. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, Zikrullah. Mo ní nínú gbogbo wọn, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó lè gba abẹ lọ́wọ́ ọmọ mi. Ó ní wọ́n fi ọkàn pupa ránṣẹ́ sí ọ. Kí ni kí o fi ọkàn pupa ṣe? Ẹni tó bá ń ya aṣọ, ọwọ́ là á fi dì í mú, jàre.

Mo wá rántí ìgbà tí mo wá sọ́dọ̀ rẹ lọ́dún tó kọjá, bí a ṣe kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn ńlá yẹn ní Sólóòsì, tí mo rí àwọn tó ń fi irin tú ìdọ̀tí, tí mo sì kìlọ̀ fún ọ pé o ò gbọdọ̀ mú nǹkan kan níbẹ̀ láé. O fi mí ṣẹ̀rín nígbà yẹn. Mo ní ó ti tán, ibẹ̀ ló ti lọ gbé àìsàn náà. Mo lọ bá Ààfáà, mi ò dárúkọ rẹ, mo ní ọmọ ẹnì kan ni. Wọ́n ní kí ìyá onítọ̀hún máa ka Áyátúl-Kúrúsíyù, mo sì kà á títí ohùn mi fi há.

Bẹ́ẹ̀ ni mo wà tí awakọ̀ kan já àpò sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó ní ìwọ lo fi rán òun, pé obìnrin oníṣọ́ọ̀bù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń jẹ́ Olútóyìn á wá gbà á lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo tú àpò wò. Ṣòkòtò mẹ́rìnlá, kò sí ọ̀kan tó pé nínú wọn. Èyí ya lórúnkún, èyí ya nítan, ọ̀kan tilẹ̀ ya lẹ́yìn, níbi tí mi ò lè kọ sínú lẹ́tà. Nọ́ńbà wà lára wọn níbi ìgbànú, 30, 32, 34, 36, mo sì mọ̀ pé ọjọ́ orí àwọn tó ni wọ́n ni o kọ síbẹ̀ kí wọ́n má baà ṣì í gbé. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, tó ti yẹ kó máa sanwó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, ló máa gbé irú èyí wọ̀.

Mo wá rò ó pé iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún ọ, àìsàn yẹn ló mú ọ nídìí iṣẹ́, o sì ba aṣọ oníbàárà jẹ́. Bí Olútóyìn bá tú àpò yẹn, orúkọ rẹ á bàjẹ́ láti Ìgàndó títí dé Ògbómọ̀ṣọ́, ta ló máa tún gbéṣẹ́ fún ọ? Mi ò lè jókòó kí n máa wò ó níran.

Mo ra abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú dúdú. Aṣọ tó nípọn tó jíǹsì ni kò sí nílé, àfi kíjìpá tí bàbá rẹ fi ń roko, ẹ̀wù àti ṣòkòtò rẹ̀, tí mo ká sí ìsàlẹ̀ àpótí láti ọdún tí wọ́n ti kú. Mo gbé e jáde, mo sunkún díẹ̀, mo gé e. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi rán ojú ihò yẹn pa. Mo gé gbogbo òwú funfun tó ń já wálẹ̀ dànù, mo fọ̀ wọ́n, mo lọ̀ wọ́n, mo ká wọn. Ó dáa, Zikrullah, àní ó dáa. Èèrà ò lè rí ibi gbà kọjá.

Jímọ̀ pé, Olútóyìn dé. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì wà níta. Mo ní áà, ó ti ran òun náà. Mo yára bọ́ ìborùn mi, mo fi bò ó lẹ́sẹ̀, mo ní pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, Ọlọ́run á wò ọ́ sàn. Ó dúpẹ́, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀. Mo wá gbé ṣòkòtò jáde fún un, inú mi ń dùn. Ó tú àkọ́kọ́, ó tú èkejì, ó tú gbogbo wọn. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó bi mí pé níbo ni àwọn ihò òun wà. Ó ní ihò yẹn gan-an lòun sanwó fún.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó ní òkìríkà lo máa ń rà, ṣòkòtò odidi, tí o máa ń fi ọwọ́ ara rẹ ya. Ó ní ihò kan lè gbà ọ́ ní odidi ọ̀sán, pé ó níbi tí èèyàn ń ha aṣọ dé tí yóò dúró, pé ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́, òun ò tíì rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó tìrẹ. Ó ní èyí tó pé kò lówó lórí, èyí tó ya ló wọ́n. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ọkàn mi wá balẹ̀. Orí ọmọ mi pé. Mo fẹ́ dìde kí n lọ kírun ọpẹ́ ni Olútóyìn ní òun ò lè gbé ọjà báyìí lọ, pé bí ihò ò bá padà sára wọn kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó dé, kí o dá owó òun padà, òun á sì wá ẹlòmíràn. Ni ìdùnnú bá gbẹ lẹ́nu mi. Èmi tí mo ní mò ń bo ìtìjú rẹ, èmi ni mo ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má pè ọ́, kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀ kí n tún un ṣe.

Mo ní kí Aasiyah tún gbé ọ jáde fún mi nínú fóònù. Mo jókòó sábẹ́ máńgòrò pẹ̀lú abẹ àti òkúta àti páànù ìrinlá, mò ń wò ọ́, mò ń ṣe bí o ṣe ń ṣe. Mò ń tú, mò ń ha, mò ń fa òwú. Nígbà tí ọ̀kan bọ́ sí i bó ṣe yẹ, mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé Ìyá Hamdalah ń wò mí láti ojú fèrèsé. Kò pẹ́ ni Ààfáà dé pẹ̀lú omi àdúrà nínú búùtà, wọ́n dúró lókèèrè, wọ́n bi mí pé kí lorúkọ mi, wọ́n bi mí pé ọjọ́ wo la wà. Wọ́n ní àwọn ti fura pé ara mi ni mò ń sọ lọ́jọ́sí tí mo ní ọmọ ẹnì kan. Mo ṣàlàyé títí, wọn ò gbà. Ìgbà tí mo sọ iye tí wọ́n ń ta ọ̀kan fún wọn ni wọ́n gbé búùtà sílẹ̀, wọ́n bá mi di ẹsẹ̀ ṣòkòtò mú.

Olútóyìn ti wá níjẹta. Ó ní ihò tèmi fẹ̀ díẹ̀, àmọ́ wọ́n á rà á. Ó gbé mẹ́tàlá lọ. Bá mi sọ fún un pé kó má bínú sí ẹyọ kan tó kù, mi ò lè tú u. Orúnkún ṣòkòtò bàbá rẹ ló bọ́ sí orúnkún rẹ̀, ibi tó ti fẹ́lẹ́ tó ti ṣí láwọ̀. Bàbá rẹ náà ṣe irú iṣẹ́ rẹ yìí o, àmọ́ orí ebè àti orí ẹní ìrun ni wọ́n ti ha tiwọn, ó sì gbà wọ́n ní ọdún mọ́kàndínlógún. Mo ti ká a sílẹ̀ fún ọ. Wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, má fi abẹ kàn án.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n wá fi ojú ara mi rí ọ. Olútóyìn ní orí rẹ pé, àmọ́ òun tó ń jẹ́rìí yẹn, orúnkún rẹ̀ wà níta. Kí o dúró dè mí ní ìsàlẹ̀ afárá Ìyànà Ìpájà, má jẹ́ kí n dá gun un, ọwọ́ tí àwọn ọlọ́jà fà lọ́dún tó kọjá ṣì ń dùn mí. Kí o sì fi owó páànù ìrinlá kún un. Ilá tí mo rin lánàá, búlúù ló jáde, mo sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Láti kékeré rẹ ni mo ti ń gbàdúrà pé aṣọ ò ní ya mọ́ ọ lára. Mo ti dá a dúró láti Jímọ̀, kí n má baà tún ba ọjà rẹ jẹ́. Ọlọ́run á bo àṣírí rẹ, Zikrullah. Ibi tí ìwọ fúnra rẹ bá sì ṣí sílẹ̀, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n rà á. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hàbíbátù.