Èmi Ni Mo Fi Ọkọ̀ Màdáámù Gbá Òpó

Abúlé Ìdí-Ọ̀gẹ̀dẹ̀,
Lẹ́yìn Ẹpẹ.
Ọjọ́ Sátidé.

Ọmọ mi Tàjùdéèn Àlàní,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé o jí ire, ṣé ara le, ṣé yàrá tí o gbà ní Addo lẹ́bàá Ajah kò tíì máa gba omi wọlé nínú òjò yìí? Ọba tó mú ọ dé Èkó ní àlàáfíà kò ní jẹ́ kí a gbọ́ ìròyìn tí kò dára nípa rẹ, wàá jẹ èrè iṣẹ́ rẹ dọ́jọ́ alẹ́. Ràhímátù ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé ewúrẹ́ dúdú tí o rà fún òun bí mẹ́ta, akọ kan àti abo méjì, àti pé ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́bàá odò ti tó wà. Èmi náà wà, mò ń mí. Bí mo ṣe wà gan-an ni mo fẹ́ kọ sí ọ, torí náà bó bá jẹ́ pé àárín àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ lo ti ń ka èyí, jọ̀ọ́, ká a pọ̀, kí o fi sápò, ó dìgbà tí o bá dá wà.

Tàjù, ojú ń tì mí. Mi ò mọ ẹnu ọ̀nà míì tí mo lè gbà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ ní ọdún Iléyá, èyí tí o ti dúró ti ọkọ̀ dúdú ńlá yẹn, ìwọ kò kọ ọ́ sí i pé tìrẹ ni, o ò sì sọ ọ́ lẹ́nu. Èmi ni mo sọ ọ́. Mo fi han Yísà ọ̀rẹ́ mi, mo fi han lèmọ́mù, mo fi han àwọn tó ń gé igi lọ́nà oko tí wọn ò tiẹ̀ bi mí. Bí wọ́n bá ní ṣé ti Tàjù ni, mo máa ń rẹ́rìn-ín, màá ní ẹ ṣáà máa bá wa dúpẹ́. Mo mọ̀ pé awakọ̀ ni ọ́ nílé Màdáámù Akínọ̀ṣọ́ ní ẹ́sítéètì VGC, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi wa Pijó ọlọ́kọ̀ láti Ẹpẹ sí Ìjẹ̀bú-Òde, kí ọlọ́kọ̀ tó fi í sílẹ̀ fún mi nígbà tó darúgbó, mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni tìrẹ yóò rí, mo kàn mú ọjọ́ iwájú wá sí òní ni. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni lèmọ́mù máa ń ṣàdúrà fún ọmọ wa tó ni ọkọ̀ l'Ékòó, àmín tèmi ló sì máa ń ròkè jù ní mọ́sálásí. Nígbà tí mo lọ bá Yísà sọ̀rọ̀ Bàlíkísù ọmọ rẹ̀ fún ọ, ọkọ̀ yẹn ni mo fi ṣe ẹnu. Ìdí nìyẹn tí Yísà fi ní òun á bá mi wá sí Èkó láti wá wo àna òun. Ìwọ kò mọ èyíkéyìí nínú rẹ̀ nígbà tí o wá pàdé wa ní Ajah. O kàn ní Màdáámù gbọ́ pé bàbá rẹ ń bọ̀, ó ní kí o fi ọkọ̀ gbé wa wá kí òun. Mo yáa sọ̀rọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu kí Yísà má baà gbọ́ ibi tó kù.

Àṣé mi ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀. Mo gbá ilẹ̀kùn bí mo ṣe máa ń gbá ti Pijó, tí èèyàn bá gbá a jẹ́jẹ́ á tún ṣí lọ́nà, mo rí i tí o mú ojú pọ̀ bí ẹni pé orí rẹ ni mo gbá, o ní Bàbá, ẹ máa fi ọwọ́ tì í díẹ̀, ó máa ń pa ara rẹ̀ dé. Mo rò pé o ń fi mí ṣeré ni. A jókòó, mo retí kí ẹ́ńjìnnì dún, kò dún, ni mo bá sọ fún ọ pé bó bá jẹ́ bátìrì, kí èmi àti Yísà sọ̀kalẹ̀ tì í, àṣé a ti kọjá lábẹ́ bíríìjì. Obìnrin kan ń sọ gẹ̀ẹ́sì nínú ọkọ̀, ó ní kí o yà sọ́tùn-ún, mo kí i, kò dáhùn, mo tẹnu bọ Yísà létí pé àwọn obìnrin Èkó kò lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó yá, ìdí mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná díẹ̀díẹ̀. Ọmọ mi, èmi ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, mo rò pé mo ti tọ̀ sára sínú ọkọ̀ Màdáámù. Mo ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run nínú ọkàn mi, mo ń yọ́ ọwọ́ fọwọ́ kan àga lábẹ́ agbádá, ó gbẹ. Mo wo Yísà, òun náà ń yọ́ ọwọ́ kan tiẹ̀. A ò sọ fún ara wa. Ìgbà tí o ní àga náà ló ń mú wa móoru nítorí òjò ni ọkàn mi tó balẹ̀, mo sì ní mo mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí o ṣe dé iwájú ilé Màdáámù, o ní kí a jókòó nínú ọkọ̀ kí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ máa fẹ́ wa, kí o gba ẹ̀yìnkùlé lọ sọ fún alásè pé a ti dé. O ò tíì kọjá kọ̀rọ̀ tí Yísà fi ní, Gbàdàmọ́sí, ìwọ tí o wakọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣé o lè wa irú èyí? Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Ṣùgbọ́n mo ti purọ́ débi pé ìbéèrè kékeré bẹ́ẹ̀ ti di ìjà lára mi. Mo ní ọkọ̀ ọmọ mi, ọkọ̀ mi ni. Mo bọ́ sílẹ̀, mo lọ jókòó síwájú. Mi ò rí jíà tí mo mọ̀, nǹkan kékeré kan tó dà bí ìdérí ìgò ni mo rí. Mo tẹ bíréèkì bí awakọ̀ tó mọṣẹ́, mo yí nǹkan náà, mo gbé ẹsẹ̀. Pijó mi, tó bá jí, gbogbo àdúgbò ló ń bá a jí, torí náà nígbà tí mi ò gbọ́ ohùn kan, mo gbà pé ẹ́ńjìnnì wà ní pípa. Ohun tí mo rí ni pé ilé Màdáámù ń rìn lọ kúrò lọ́dọ̀ wa. Mo tiẹ̀ sọ fún Yísà pé ilé yìí mà ń lọ o. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké pí-pí-pí, mo rò pé ó ń kí mi káàbọ̀ ni, ó wá dún gbàù! Òpó géètì ni.

Wàá rò pé mo dúró níbẹ̀. Mi ò dúró. Mo fò bọ́ sílẹ̀, mo sá padà sẹ́yìn, mo jókòó sáàyè mi, mo fa tẹ̀súbáà yọ. Ìwọ sáré dé, Màdáámù náà sọ̀kalẹ̀ láti òkè, ó rí iná ẹ̀yìn tó ti fọ́ àti ọ̀dà tó ti bó. Ó ní ta ló ṣe ọkọ̀ mi báyìí? Ó pè é ní ọkọ̀ mi lẹ́ẹ̀mẹta, Yísà sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwọ wò mí. Èmi wo tẹ̀súbáà. O wá dọ̀bálẹ̀ sórí kọnkéré nínú òjò, o ní ìwọ ni, o ò so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa kí o tó wọlé. Màdáámù ní kí o kó kọ́kọ́rọ́ wá, kí o máa lọ sinmi sí Addo títí òun á fi pè ọ́. Tàjù, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì ń ka Sùbúhànálláhì. O sìn wá dé títì, o pe kẹ̀kẹ́ fún wa, o sanwó, o ní kí a dé ilé re. O ò bi mí ní nǹkan kan. Bó o bá ti bú mi ni, ì bá sàn.

Láti ọjọ́ yẹn oúnjẹ ò wọlé. Ìyá rẹ rò pé ibà ni, ó ń fún mi ní àgbo, mo ń mu ún, mi ò lè sọ fún un pé ohun tó ń ṣe mí kò ní ewé. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lèmọ́mù tún ṣàdúrà fún ọmọ wa ọlọ́kọ̀, mo ṣe àmín sínú. Yísà kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní òun ti fi Bàlíkísù fún Tàjù, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, ọmọ tó lè dọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn kò ní jẹ́ kí ojú ti ìyàwó rẹ̀. Ó ní bàbá ọkọ ni òun ò tíì mọ irú ẹni tí òun fẹ́ máa pè é. Ó dìde, ó bọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wọkọ̀ wá sí Ajah láìsọ fún ìyá rẹ. Mo rí ọ̀nà Addo, mi ò yà, mi ò ní ojú tí mo lè fi wò ọ́. Ní géètì VGC, ẹ̀ṣọ́ kan tó ń jẹ́ Ìgbẹ́kẹ̀lé ní kí n mú kóòdù tí onílé fi ránṣẹ́ sí mi wá. Mo ka nọ́ńbà káàdì ìdìbò mi fún un, kò gbà. Mo ka ọdún tí wọ́n bí mi, kò gbà. Ó ní ó dáa, kí n kọ orúkọ sínú ìwé àlejò. Wọ́n fa ìlà síbẹ̀, wọ́n ní kí èèyàn kọ ìdí tó fi wá. Àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n wọ́n bi mí ni, mo sì dáhùn. Mo kọ ọ́ pé èmi Gbàdàmọ́sí ni mo fi ọkọ̀ Màdáámù gbá òpó, tí mo jẹ́ kí ọmọ mi jẹ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ibẹ̀ kún, mo bọ́ sí ìlà ẹlòmíì, mo kọ ọ́ dé ìsàlẹ̀ ewé. Ìgbẹ́kẹ̀lé kà á, mo rò pé á bú mi pé mo ba ìwé ìjọba jẹ́. Ó ṣí fìlà, ó fún mi ní àga rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló pe Màdáámù.

Màdáámù gbà mí sílé. Mo kúnlẹ̀, ó ní kí n dìde, mi ò dìde títí mo fi sọ ọ́ tán. Ó mú fóònù rẹ̀, ó tẹ nǹkan kan, ó gbé e sí mi lójú. Tàjù, ọkọ̀ yẹn ní ojú níwájú, ó ní ojú lẹ́yìn, ohun tó bá rí ló ń rò fún ọlọ́kọ̀! Mo rí ara mi bí mo ṣe sá láti iwájú lọ sẹ́yìn, bí ẹni tí oyin lé, agbádá bo orí. Pijó mi gbá igi, ó gbá ewúrẹ́, ó bọ́ sí kòtò, kò rò fún ẹnì kankan títí ó fi kú. Gbogbo ilẹ̀kùn tó ń pa ara rẹ̀ dé àti àga tó ń gbóná yẹn, eré ni. Ibi tí ọkọ̀ olówó ti yàtọ̀ sí ọkọ̀ wa nìyẹn, èèyàn ò lè purọ́ mọ́ ọn.

Ó ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an lòun ti rí i. Mo bi í pé kí ló wá dé tó fi lé ọ. Ó ní kì í ṣe torí iná ẹ̀yìn, torí pé o parọ́ fún òun ni, òun sì pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí o lè yí ọ̀rọ̀ rẹ padà, o ní ìwọ ni, Mà, ìwọ ni. Ó ní òun ò lè fi ọmọ òun sọ́wọ́ awakọ̀ tó mọ irọ́ pa, àmọ́ òun ti wá rí i pé o ò mọ̀ ọ́n pa rárá. Ó ní òun á pè ọ́ kí o padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, kí n sì sọ fún ọ pé bó bá jẹ́ ìyá òun ló tún gbá òpó, kí o sọ pé ìyá òun ni. Ó fẹ́ kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé mi dé Ajah, mo dúpẹ́, mo fẹsẹ̀ rìn.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo ní kí lèmọ́mù jọ̀ọ́ kó fún mi láyè. Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, láti orí àga tó ń gbóná dé orí òpó, pé ọkọ̀ kì í ṣe tìrẹ, pé awakọ̀ ni ọ́, pé èmi ni mo purọ́, èmi ni mo ba ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ jẹ́, ọmọ mi ló ru ú.  Bàbá àgbàlagbà kan lẹ́yìn ló bèèrè pé ṣé lóòótọ́ ni àga náà ń gbóná. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, èmi ò lè rín. Yísà ló sún díẹ̀ lórí ẹní, ó fi ọwọ́ gbá àyè tó ṣófo, mo sì jókòó síbẹ̀.

Awò ojú ìyá rẹ ti fọ́. Bí o bá ti padà sẹ́nu iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ sì dẹ̀, fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun, má fi sí èmi, ojú ń tì mí láti gba tọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ lákòókò yìí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o bí ọmọ tí á ní láti dọ̀bálẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ. Kó jẹ́ kí Bàlíkísù bá ọ kalẹ́. Bàbá kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ, ṣùgbọ́n dárí jì mí, Àlàní.

Bí o bá ka èyí tán, pè mí. Bí mo bá gbé e tí o ò gbọ́ ohùn mi, má rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, má pa á. Máa bá mi sọ̀rọ̀ lọ, mo wà níbẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Gbàdàmọ́sí.