Ẹ̀jẹ̀ Inú Ìwọ́ Tí Mo Dà Nù

Èmi, Ìyá Agbẹ̀bí Àgbà, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè lẹ́yìn ní Ẹlẹ́nu-bí-abẹ (mo ti ń gbọ́ ọ tipẹ́), ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí ní ilé ìwòsàn. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń bá mi jà; kò dé orí mi. Ọpọlọ mi pé.

Lọ́la, wọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ tuntun méjì tí n kò mọ̀ rí sí mi lára, nítorí kò sí ẹbí kankan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tèmi mu. Dókítà ní ara mi lè gbà á, ó lè má gbà á. Ẹ̀rù ń bà mí.

1. Ilé mi di ti ọmọkùnrin mi kan ṣoṣo. Kí ó tún òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣe. Ọdún mẹ́ta ni ó ti ń fi ọ̀la dá mi lóhùn.

2. Ewúrẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ti àbúrò mi, aránṣọ. Abẹ́rẹ́ tí kì í ṣe ti aṣọ a máa lé e sá, síbẹ̀ òun ni ó kọ́kọ́ ká apá ẹ̀wù sókè fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nítorí mi.

3. Àpótí iṣẹ́ mi, pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì àti òṣùwọ̀n ọmọ, di ti ìyàwó ọmọ mi, tí òun náà jẹ́ agbẹ̀bí. Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ó mú àpò wá sí yàrá ìgbẹ̀bí láti gba ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ fún àwọn aláìsàn. Mo já a gbà, mo sọ ọ́ sínú garawa pẹ̀lú ibi ọmọ, lójú ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó sunkún, mo kọjá lára rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ìdajì àkọ́kọ́ nìkan ni mo máa ń pa fún àwọn ọmọ iṣẹ́. Ìyàwó mi, mo jẹ̀bi. Dárí jì mí.

4. Olórí nọ́ọ̀sì ẹ̀ka wa ni kí ó bójú tó ìpín yìí. Kò fẹ́ràn mi, ṣùgbọ́n kì í ṣègbè.

5. Ìyàwó mi, oyún rẹ ti pé oṣù méje. Bí mo tilẹ̀ yè, wọn kò ní jẹ́ kí n sún mọ́ yàrá ìgbẹ̀bí, nítorí ara mi kò ní tíì lè kojú àrùn. Nígbà tí ọmọ bá dé, jọ̀wọ́ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ rẹ̀. Má fi í pa mọ́ dè mí. Kí wọ́n fún ẹni tí ó bá bá mu. Ara tìrẹ ni. Bí o bá kọ̀, n kò ní bínú. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi pàṣẹ fún aboyún. Èyí, mo ń bẹ̀ ọ́ ni.

Ìbuwọ́lù: Ìyá Agbẹ̀bí Àgbà
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Àwọn ẹlẹ́rìí, tí wọ́n dúró lẹ́yìn gíláàsì yàrá tí wọ́n yà mí sọ́tọ̀ sí, tí wọ́n sì rí i bí mo ṣe buwọ́ lù ú:
Akọ̀wé ilé ìwòsàn
Bàbá Olùṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà